Ìbọn ìléwọ́ wo ni mo lè máa gbé kiri tí kò ní ba ìyókù etí mi jẹ́?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Bissonnet, ní Houston níbí. Èlùbọ́, gàrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ohun tí ọmọ Yorùbá ń wá kiri ni mò ń tà. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ó lè lo ọjọ́ mẹ́fà lójú títì kó tó délé. Èmi nìkan ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí màá gbé owó ọjọ́ náà dání lọ sídìí mọ́tò. Ní oṣù kẹta, àwọn ọmọkùnrin méjì kan tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ọlọ́run ló yọ mí. Ọkùnrin tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló jáde síta pẹ̀lú ajá rẹ̀, ni wọ́n bá yà bàrá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá ra ìbọn ìléwọ́, màá sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, òfin kò dí mi lọ́wọ́. Ní Texas níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e pa mọ́ sára láìgba ìwé àṣẹ. Èmi yóò ṣì gba ìwé náà ṣá, nítorí pé a máa ń wa mọ́tò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Wàhálà mi ni etí. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé ìyìnbọn, abẹ́ òrùlé ni. Wọ́n fún mi ní ìbòtí, èyí tó rí bíi ti àwọn tó ń gbọ́ orin. Ẹ sì mọ bí àwa obìnrin ṣe ń múra: mo ti fi àtàṣímẹ́ǹtì dirun, mo wé ìborí lé e, yẹtí ńlá wà létí mi, mo tún wo gíláàsì. Orí gbogbo rẹ̀ ni mo gbé ìbòtí náà lé. Ó jókòó síbẹ̀ bí adé tí kò bá orí mu. Ọkùnrin tó wà ní ààyè tó kàn mí lápá òsì yọ rìfọ́fà kúkúrú kan, .357 Magnum ni ọ̀rẹ́ mi pè é lẹ́yìn náà. Bó ṣe yìn ín, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí létí títí dé àgbọ̀n. Ọta márùn-ún péré ni èmi fúnra mi yìn. Mo kó ẹrù mi, mo jáde.

Ó ti di oṣù méjì báyìí. Etí òsì mi ṣì ń hó, yèèèè, bíi kòkòrò inú igbó lóru, pàápàá tí ilé bá dákẹ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gba owó káàdì ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá kọ etí òsì sí i, mi ò gbọ́ ọ tó bá ké pìì. Oníbàárà ló máa ń sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ó ti wọlé."

Ìbéèrè mi nìyí. Èwo ni ohùn rẹ̀ kéré jù nínú àwọn ìbọn tí obìnrin lè gbé pa mọ́? Ẹnìkan ní kí n ra .22, ẹnìkan ní .380 (ìwọ̀n ọta tí ìbọn ń lò ni wọ́n ń fi nọ́ńbà wọ̀nyí pè). Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ra sàílẹ́ńsà tó ń mú kí ìbọn dún bíi pé èèyàn tutọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò ní sí ìbòtí létí mi. Tó bá jẹ́ inú mọ́tò ni mo wà ńkọ́? Ṣé mi ò ní di adití pátápátá?

Ìbéèrè kékeré kan tún wà níbẹ̀: gbogbo àpò ìbọn tí mò ń rí ló ń fẹ́ bẹ́líìtì. Ìró ni mò ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Níbo ni kí n so ó mọ́?

Sájẹ́ńtì, Killeen

Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún 22 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà níbí, mo sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìbọn yíyìn lọ́jọ́ Sátidé báyìí. Etí mi méjèèjì ń hó bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. VA, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ológun tó ti fẹ̀yìn tì, fún mi ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Etí híhó ló pọ̀ jù nínú gbogbo àléébù iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń sanwó lé lórí. Wọ́n ń san án lóòótọ́, àmọ́ owó ò lè bá mi sun oorun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó korò. Kò sí ìbọn ìléwọ́ kankan tí etí lè gbà láìbò. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo, 140 sì ni ààlà tí ìró ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti lè ṣe etí léṣe. .38 Special ń dé nǹkan bíi 156, .380 àti .45 wà ní nǹkan bíi 157, 9mm ń lọ sí 160, .357 Magnum yẹn ń dé 164. .22 tí wọ́n ní kí ẹ rà náà, tí ọ̀pá rẹ̀ bá kúrú, ó kọjá 140 dáadáa. Ẹ má sì rò pé 157 àti 164 súnmọ́ra. Kò rí bíi kíka owó. Tí iye náà bá ti fi 3 gòkè, agbára ìró ti di ìlọ́po méjì. Èyí tó gún yín létí yẹn lágbára tó .380 lọ́nà márùn-ún.

Ọ̀pá kúkúrú ló ń dá kún un. Ẹ̀tù tí kò bá ráyè jó tán nínú ọ̀pá yóò jáde wá jó níwájú ojú yín. Ìdí nìyẹn tí ọta ńlá nínú rìfọ́fà kékeré fi burú ju ohun gbogbo lọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n lu ihò sórí ọ̀pá wọn. Onítajà yóò ní kì í jẹ́ kí ìbọn ta padà. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ iná àti ariwo tó yẹ kó lọ síwájú, òkè ló ń gbà jáde sí yín. Ẹ má ra irú ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ohùn yan ìbọn, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi yàn án. Ọta kan tàbí méjì tí ẹ máa yìn lọ́jọ́ ewu (kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dé) kọ́ ló ń sọ èèyàn di adití. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tí a ń yìn nígbà tí a ń kọ́ ọ ni. Ìbọn tó bá tètè bá ọwọ́ yín mu, tó jẹ́ pé pẹ̀lú ọta díẹ̀ ẹ ti mọ̀ ọ́n lò, òun ló ń ṣàánú etí. Ruger LCP, ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì mẹ́ta, ó wọ àpò bíi fóònù, àmọ́ ó ń ta bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tí ìbọn bá ti bà lẹ́rù yóò máa dijú kó tó yìn ín, yóò yin ọgọ́rùn-ún, kò ní mọ nǹkan kan. Ti èmi, 9mm tí ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ni mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́. SIG P365 XL ní 3.7, Glock 19 jẹ́ 4. Tí ẹ ò bá lágbára láti fa orí ìbọn sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, Smith & Wesson ní èyí tí wọ́n ń pè ní Shield EZ, wọ́n dìídì ṣe é kó rọrùn láti fà ni. Ẹ má rà á nítorí pé mo sọ ọ́ o. Ilé ìyìnbọn púpọ̀ ló ń fi ìbọn háyà, ẹ lọ gbìyànjú mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìborí, yẹtí àti ẹsẹ̀ gíláàsì yín ló ṣílẹ̀kùn fún ariwo lọ́jọ́ yẹn. Ìbòtí tí kò bá lẹ̀ mọ́ awọ yípo etí kò bo nǹkan kan. Fóòmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú. Ẹ fi ìka lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá, ẹ fa etí sókè sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tì í wọlé, ẹ dì í mú títí yóò fi wú. Tí ìdajì rẹ̀ bá ṣì yọ síta, kò tíì wọlé. Ẹ wá gbé ìbòtí lé e. Nọ́ńbà tó wà lára páálí wọn, bíi 33 fún fóòmù àti 22 fún ìbòtí, ẹ má rò wọ́n pọ̀ di 55. Ìkejì kì í fi ju nǹkan bíi 5 kún ti àkọ́kọ́, àmọ́ 5 yẹn tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòtí oníbátìrì ló dára jù, ó ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn olùkọ́, ó sì ń ti ara rẹ̀ pa tí ìbọn bá dún. Ẹ wá pápá gbangba dípò abẹ́ òrùlé, nítorí pé ògiri ń dá ariwo padà ni. Tó bá di dandan kó jẹ́ abẹ́ òrùlé, ẹ lọ láàárọ̀ Túsìdeè, kí ẹ gba ààyè ìkángun. Ẹ fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó padà sídìí èlùbọ́ o, eruku òjé máa ń wà lára ìbọn àti ọta.

Ìyókù ìdánrawò, ilé ni kí ẹ ti ṣe é láìsí ọta nínú ìbọn, kódà kí ọta má sí nínú yàrá náà rárá. Yíyọ ọ́, dídì í mú, fífa tírígà láìmì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Etí ò san kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti sàílẹ́ńsà, kí ọmọ yín fi eré àgbéléwò sílẹ̀. Ó máa ń bu nǹkan bíi 20 sí 35 kúrò, nítorí náà 9mm á ṣì dún ní nǹkan bíi 130, ìbọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì. Ẹ ò lè fi há ìró. Texas gbà á láyè. Láti 1934 ni owó orí $200 ti wà lórí rẹ̀, ó di òdo láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ATF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Fún ìbọn tó ń sùn nílé nìkan ni mo fara mọ́ ọn. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo fi ìbòtí oníbátìrì sínú àpótí kan náà tí mo ti ìbọn mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ ewu fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo yìnbọn nínú yàrá kan ní Iraq rí, M9 ni, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ àwa ológun, kò sí nǹkan kan létí mi. Mi ò gbọ́ ọ! Ó dún bíi pé ẹnìkan pàtẹ́wọ́ ní ilé kejì. Ẹ̀rù máa ń ti etí pa lọ́pọlọ, àmọ́ inú etí gbà á bó ṣe rí gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó lè dín etí kù, mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mọ́tò ló sì burú jù.

Bọ̀dá Peckham

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà! Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ní Britain níbí, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ ilé ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣọ́ọ̀bù ni èmi náà ní. Kámẹ́rà àti àbúrò mi tó sanra ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Mọ́mì, ẹ gba ọmọkùnrin kan tí ẹ óò jọ máa ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì yé gbé owó jáde lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Ìyẹn kì í dún rárá.

Elétí, Baltimore

Ọ̀rọ̀ bọ̀dá Peckham yẹn, mo fara mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ.

Iṣẹ́ etí ni mò ń ṣe, inú yàrá kékeré tí ariwo ò lè wọ̀ ni mo ti ń dán etí àwọn èèyàn wò. Mọ́mì, kí ẹ tó ra ìbọn kankan, ẹ lọ ṣe ìdánwò etí. Ẹ gba ìwé àbájáde rẹ̀ pa mọ́, òun la óò fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Ó dùn mí pé oṣù méjì ti kọjá. Ẹni tí etí rẹ̀ bá dí lójijì lẹ́yìn ìró ńlá, tí kò sì ṣí lọ́jọ́ kejì, kó má dúró. Oògùn kan wà tí dókítà etí lè fún un láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ti pẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ káàdì yín kò yà mí lẹ́nu. Nínú lọ́hùn-ún etí, níbi tó ká kò bí ìkarahun ìgbín, irun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tó ń gba ìró. Kò dà bí irun orí, tó bá ti ṣẹ́, kì í hù padà lára ọmọ èèyàn. Àwọn tó ń gba ìró tín-ín-rín, láàárín 3000 sí 6000 Hz (òun la fi ń wọn bí ìró ṣe tín-ín-rín tó), ni ìbọn máa ń kọ́kọ́ pa. Ibẹ̀ náà ni pìì ẹ̀rọ yín wà. Ibẹ̀ náà ni ìró f, s àti ṣ ń gbé. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, ìbọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà ẹni tí ìbọn bá ba etí rẹ̀ jẹ́ yóò máa sọ pé, "Mo ń gbọ́ yín, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Mo fẹ́ fi kan kún un: ẹ má fi fóònù wọn ariwo ìbọn. Ẹnìkan mú ti ẹ̀ wá hàn mí, ó ní fóònù òun sọ pé kò kọjá 110. Makirofóònù inú fóònù kò lè gba ìró tó yára tó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun, Elétí. Ẹ ti já okùn kan fún mi tó ti wà lọ́kàn mi láti kékeré.

Bàbá mi yin ṣakabùlà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ọwọ́ rọ, ìdí ìbọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sóhun tó jọ fóòmù nínú igbó. Tí ọdẹ ẹgbẹ́ wọn bá kú, wọn á tún yin òmíràn láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan màmá mi ń lọ sódò, ó ní, "Bàbá Àkànbí, ẹ bá mi ṣọ́ ìgò yẹn o." Bàbá dìde, wọ́n mú odó, wọ́n fọ́ ìgò. Epo ìdajì ọdún dà sílẹ̀. Ìjà ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ, nítorí pé bàbá búra pé ohun tí wọ́n ní kí àwọn ṣe làwọn ṣe.

Àmọ́ tí onídùndún bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ìlù kì wọ́n, wọn ò ní ṣi ẹyọ kan gbọ́. Wọ́n á máa fẹnu dá ìlù lóhùn láti inú yàrá. A ti rò pé ńṣe ni wọ́n ń díbọ́n fún wa. Ṣé ohùn ìlù ni etí wọn ṣì ń gbà, tí f àti ṣ ti lọ?

Elétí, Baltimore

Ìyẹn gan-an ni. Ìlù ò ní f, kò ní ṣ. Ẹ bá mi kí màmá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Houston

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ṣe ìdánwò etí. Apá ọ̀tún dára. Apá òsì, bí wọ́n ṣe ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé, ó ń bọ̀ pẹrẹsẹ títí dé 4000 Hz, ó já lulẹ̀ bíi kòtò, ó tún gòkè díẹ̀. Mo wò ó títí. Ọta kan péré, ìbọn ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Mo di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kó lè pẹlẹbẹ, mo yọ yẹtí, mo fi ìborí sílẹ̀ nínú mọ́tò, mo lọ sí pápá gbangba láàárọ̀ Túsìdeè bí Sájẹ́ńtì ṣe wí. Fóòmù, ìbòtí lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọta ọgbọ̀n péré ni mo yìn nínú ìbọn mẹ́ta. LCP bu mí jẹ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, mi ò yìn ju mẹ́fà lọ. Glock 19 dùn mọ́ mi lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ nígbà tí mo gbé e sábẹ́ bùbá, ó yọ gọngọ bíi pé mo lóyún lápá kan. Shield EZ tó ń lo ọta .380 ni mo rà. Ọ̀pá rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta àbọ̀, ọta mẹ́jọ ni àpótí ọta rẹ̀ ń gbà, mo lè fa orí rẹ̀ sẹ́yìn láìdijú. Etí mi kò hó jù bó ṣe ń hó tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo dúró nínú yàrá ìwẹ̀ kí n lè tẹ́tí sí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìró: mo kọ́kọ́ fi há ìró nílé, láìsí ọta nínú rẹ̀, mo gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀já onírọ́bà fífẹ̀ tí àwọn obìnrin ń dè mọ́ ikùn ni mo wá rà, ó ní àpò líle tó bo tírígà pátápátá. Abẹ́ ìró ló wà, bùbá bò ó. Inú báàgì ni ọ̀rẹ́ mi ń fi tiẹ̀ sí, mi ò fara mọ́ ìyẹn, báàgì ni olè kọ́kọ́ ń já gbà, ọmọ sì lè tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bọ̀dá Peckham, mo ti gba ọmọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ń bá mi ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ó sanra díẹ̀.

Sájẹ́ńtì, Killeen

Ẹ kú orí ire. Èmi ì bá tì yín sí 9mm, ọta .380 wọ́n jù ú lọ, agbára rẹ̀ sì kéré. Àmọ́ èyí tí ẹ lè yìn láìdijú ló dára jù èyí tí ẹ ń bẹ̀rù. Kí ẹ má yìn ju àádọ́ta lọ lóṣù, ìyókù kó jẹ́ láìsí ọta.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Houston

Mo gbọ́. Ní etí ọ̀tún.

Ẹ̀yin tó wà ní ìhà Alief, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta ìbòtí oníbátìrì lówó pọ́ọ́kú? Bàbá àwọn ọmọ ti gba tèmi. Ó ní òun ló ń jẹ́ kí òun rí oorun sùn nínú ọkọ̀ àjàgbé.